Àìsàn Tèmi, Abẹ́rẹ́ Ràbíátù

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀. Èmi gan-an, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú ná. Àmọ́ bó ṣe rí nìyí: ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣàìsàn tí ẹlòmíràn ń bá mi gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ni nǹkan ń ṣe, ìyàwó mi ni wọ́n ń tọ́jú. Èmi ni mo ni àrùn, òun ni wọ́n fún ní orúkọ rẹ̀. Dókítà wò ó, nọ́ọ̀sì wò ó, ẹbí mi pe ìpàdé lé e lórí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó yíjú sí mi kó ní, "Ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Múfútáù ni orúkọ mi, àmọ́ Tíṣà ni wọ́n ń pè mí ní Sabon Gari, ní Zaria níbí. Bàbá wa ló wá ta aṣọ láti Ìlọrin tí kò padà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Tí mo bá ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó bọ́ bàtà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: inú ń bí mi. Bí mo bá pa yín lẹ́rìn-ín níbì kan, ẹ rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ padà wá bá mi bínú.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ńkọ́? Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya irúgbìn ọkùnrin sára bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú orí rẹ̀, pẹ̀lú ìrù rẹ̀, tí mo ń fi igi lu bọ́ọ̀dù pé, "Ẹni méjì ló ń ṣe ọmọ! Mélòó?" Àwọn ọmọ á pariwo, "Méjì!" Mo fi kọ́ ọmọ gbogbo Zaria tán, ilé mi nìkan ni mi ò kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ṣẹ́gẹdẹ mú mi. Ṣẹ́gẹdẹ tó ń mú ọmọ kéékèèké, èmi tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n ló wá mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì wú bí ẹni tó ju ẹ̀kọ méjì sẹ́nu tí kò rí wọn gbé mì. Ẹ̀gbọ́n mi, Yẹkínì, tó ti di Alhaji lónìí, ló ń fi àdí pa á fún mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kórópọ̀n ni mò ń sọ, kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Méjèèjì. Ó gbóná, ó wúwo, mi ò lè pa ẹsẹ̀ pọ̀. Tí mo bá ń lọ sí balùwẹ̀, ẹ ó rò pé ẹṣin tí ojú yín ò rí ni mo gùn. Yẹkínì tú mi wò, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Má sọ fún Màmá. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni." Ó lọ ra ìpara kan wá tó ń ta bí ata gígún. Mi ò ní sọ bó ṣe rí lára mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fò. Mo gbàgbé ẹ̀. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé. Ìlà kan wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ní ṣẹ́gẹdẹ tó bá sọ̀kalẹ̀ lára ọkùnrin tó ti bàlágà lè ba irúgbìn rẹ̀ jẹ́. Lọ́dọọdún, tí mo bá ti dé ìlà yẹn, ọ̀fun á dédé máa yún mi. Màá wúkọ́, màá ní kí wọ́n ṣí ojú ewé tó kàn. Èmi yìí gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí mò ń bínú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó gbéyàwó. Aránṣọ ni Ràbíátù, ọmọ Ọ̀yọ́, Zaria ni wọ́n bí òun náà sí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò PZ. Ọdún kìíní kọjá, a ní kò burú. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí i. Ní ọdún kẹta, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí wọ́n kọ ìtọ́jú àìrọ́mọbí gàdàgbà síwájú ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, kì í ṣe pé mo bẹ̀rù wọn, orúkọ wọn ni kò yẹ lẹ́nu mi.

Kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, obìnrin ló kún àwọn bẹ́ǹṣì láti ògiri dé ògiri. Obìnrin oníhìjáàbù, obìnrin onígèlè, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ìyá tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n á ti débẹ̀ láti ìdájí, oúnjẹ ò ní kan ẹnu wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà. Àwọn ọkọ wà níta lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń tẹ fóònù. Èmi náà wà níbẹ̀. Kódà, èmi ni mò ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí mo wọlé lọ béèrè ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé, nọ́ọ̀sì kan fi ọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà fún mi, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ dúró síta. Ti àwọn obìnrin nìyí." Inú mi sì dùn! Mo padà síbi òjìji mi.

Wọ́n ṣí káàdì fún Ràbíátù. Níbi tí wọ́n kọ "ọkọ" sí, nọ́ńbà fóònù mi nìkan ni wọ́n béèrè, torí èmi ni wọ́n máa pè bí ó bá di ọ̀rọ̀ sísan. Wọ́n fọ ilé ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ta oògùn sí i nínú kí wọ́n lè ya àwòrán ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, ó sì pariwo títí a fi gbọ́ ọ lábẹ́ igi. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n fún un ní hóró oògùn tó mú kí ojú rẹ̀ wú, wọ́n fún un ní òmíràn tó mú kí irun rẹ̀ máa já sínú kóòmù. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á gbé ìwé jáde wá fún mi kí n buwọ́ lù ú. Ara rẹ̀ o, ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń gba àṣẹ rẹ̀! Èmi tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ẹni tó gbé ìwé kankan síwájú mi. Wọn ò tilẹ̀ béèrè, kí n rí nǹkan tí màá kọ̀. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù, méjì lọ sórí ìtọ́jú yìí. Ẹ ò gbọ́ pé a ta nǹkan kan tèmi.

Ti ilé tún wà lọ́tọ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, Alhaji Yẹkínì á gbé hàǹtú wá nínú gálọ́ọ̀nù, omi tí wọ́n fi fọ àyà Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà. Ràbíátù á mu ún láàárọ̀, á mu ún lálẹ́. Bí hàǹtú bá ń di ìmọ̀ nínú ikùn ni, òun ni ì bá máa ṣe tàfísírì fún wa nígbà ààwẹ̀. Kò sí ẹni tó bu ife kan fún mi. Wọ́n tún mú oyin wá, wọ́n mú àgúnmu wá, ìyá kan láti Birnin, inú ìlú àtijọ́ Zaria, mú èèpo igi kan wá tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ nìkan tó lé àlejò kúrò nílé. Gbogbo ẹ̀, Ràbíátù ló gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì. Alhaji ti bá òbí ọmọ kan sọ̀rọ̀ ní Tudun Wada kó tó sọ fún mi. Mo kọ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí! "Tíṣà mà ní sùúrù o. Àgàn ló fẹ́, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn lé e." Ìyìn yẹn, mo jẹ ẹ́ bí ẹran Iléyá. Wọ́n ń yìn mí pé mo ń fara da àìsàn ara mi, lára ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ ìkómọ kan, ìyàwó Alhaji gba ọmọ ọwọ́ lápá Ràbíátù, ó rọra gbà á, pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ọmọ náà fẹ́ mu ọmú. Ọmọ náà sùn fọnfọn. Mo rí i. Mo sọ àwàdà kan kí ojú lè kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún kẹsàn-án, oògùn kan tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn yẹn jẹ́ kó máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A ti wà lórí ìlà láti ìgbà tí a kírun Àsùbáà, ó di ọ̀sán kó tó kàn wá. Dókítà tó rí wa, ọmọdébìnrin Hausa kan ni, ó kéré débi pé mo rò pé mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì rí. Ó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ná. Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì tí a gbé wá, ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀, bí ẹni tó ń wá ojú ewé tí wọ́n fà ya. Ó gbójú sókè wò mí.

"Malam, kai fa?"

Ìwọ náà ńkọ́, ohun tó sọ nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo wẹ̀yìn bóyá Malam mìíràn wà lẹ́yìn mi.

"Ara mi le," mo fi Hausa dá a lóhùn.

"Mi ò béèrè bóyá ara yín le. Ta ló yẹ̀ yín wò?"

"Dókítà, mi ò ní ìṣòro kankan níbẹ̀ o. Ẹ bi ìyàwó mi."

Ràbíátù wo ilẹ̀. Dókítà náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Haba Malam! Ọdún mẹ́sàn-án! Ife kékeré kan ni àyẹ̀wò yín, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti gún obìnrin yìí títí, kò sẹ́ni tó fún yín ní ife?"

Wọ́n fún mi ní ife. Ilé ìyàgbẹ́ kan ni wọ́n júwe fún mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ kan ni mo fi dì í mú. Ọkùnrin kan ń kanlẹ̀kùn níta, "Malam, ka gama?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti parí. Mo ní sùúrù, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyà tí àìsàn yìí fi jẹ mí ní ọdún mẹ́sàn-án kò ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ràbíátù, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ó yẹ kí inú máa bí mi tàbí kò yẹ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ gba èsì. Ọmọbìnrin tó ń pín èsì, Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Zaria ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi ń lá àlá. Nígbà tó rí orúkọ mi, ó fẹ́ bu ọlá fún mi kó bá mi sọ Yorùbá. Ó yọjú jáde sí àwọn èrò, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè, "Bàbá Múfútáù! Ẹ wá gba àtọ̀sí yín!"

Àtọ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sọ. Omi ara ọkùnrin ni àtọ̀. Àtọ̀sí ni àrùn tí ọkùnrin ń kó bọ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin ìta. "Sí" kan ṣoṣo ló fi lé e. Àwọn Hausa tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ lórí bẹ́ǹṣì kejì ni Bàbá Sálíù wà, ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, tó wá yẹ ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ wò. Ọkùnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́!

Kí a tó kírun Àlàásárì, wọ́n ti gbọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò yẹra fún mi. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́! Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́!" Òmíràn ní, "Ṣé ibi tí báyọ́lọ́jì gbé yín dé nìyẹn?" Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ìwé èsì wà nínú àpò mi. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: omi wà, irúgbìn ò sí nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí ẹyọ kan. Mi ò sọ fún Ràbíátù. Mo ti ìwé náà sáàárín ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí Alfa Jímọ̀, arákùnrin bàbá Ràbíátù. Inú bí i gidigidi. Ó ní èmi ni mo kó àrùn ran ọmọ àwọn, èmi ni mo bà á nílé ọmọ jẹ́, àwọn ń bọ̀ wá mú un lọ. Alhaji Yẹkínì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká pàdé nílé òun ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Ayìlá. Kí wọ́n tó dé, mo fà á wọ yàrá, mo fi ìwé èsì náà hàn án. Ó kà á, ó tún un kà.

Ó ní, "Àtọ̀sí ni kó jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbọ́ mi dáadáa. Àtọ̀sí, oògùn wà fún un. Ọkùnrin ló ń kó àtọ̀sí. A ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, a ó ní iṣẹ́ Ṣàítánì ni, a ó ní o ti sàn. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì lọ. Ṣùgbọ́n eléyìí..." Ó ká ìwé náà, ó ká a, ó tún un ká, títí ó fi kéré bí tírà. "Eléyìí, orúkọ bàbá wa ló máa bà jẹ́."

"Ràbíátù ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe Ràbíátù? Wọ́n ti ń pè é ní àgàn tẹ́lẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára."

Kí n sọ òótọ́ fún yín, torí ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn mú ọ̀kan nínú oníṣekúṣe àti aláìlèbímọ, ní àdúgbò wa, oníṣekúṣe ló ń rí ẹni bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ọkàn pé mi ò ní sọ̀rọ̀.

Alfa Jímọ̀ sọ tirẹ̀. Ó pè mí ní alágbèrè, mo dorí kodò. Ràbíátù jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, kò wo ẹnikẹ́ni. Alhaji dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó rí i pé Alfa ò gbà, ló bá fi kún un:

"Àna wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí àtọ̀sí tó dé, ṣebí àgàn ni Ràbíátù tẹ́lẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Mi ò ní àtọ̀sí," ni mo sọ. "Ì bá wù mí kí n ní in. Èmi ni mi ò lè bímọ. Kò sóhun tó ṣe Ràbíátù."

Alhaji ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó gbórí sókè láti ibẹ̀. "Múfú! Akúra wá ni ọ́?"

Ẹ wò ó, èdè wa yìí náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Ó ní àgàn fún obìnrin. Fún ọkùnrin, akúra nìkan ló ní, ẹni tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kì í dìde sì ni akúra. Ẹni tí tirẹ̀ ń dìde tí kò ní irúgbìn, èdè ò gbà pé ó wà láyé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Omi ń jáde. Kò sí ẹja nínú ẹ̀ ni."

Alfa Jímọ̀ fi ìwúkọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Mo yíjú sí Alhaji. "Ẹ rántí ṣẹ́gẹdẹ? Ẹ̀yin lẹ fi ìpara pa á fún mi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún Màmá. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀, àwa méjèèjì sì ń gbé hàǹtú fún obìnrin yìí ní gbogbo Jímọ̀."

Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wá ibi tó máa jókòó sí bí ẹni pé kì í ṣe ilé rẹ̀.

Ni Ràbíátù bá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Mo mọ̀," ó ní. "Ó tó ọdún méjì tí mo ti mọ̀." Ó ní dókítà ilé ìwòsàn aládàáni yẹn ló pe òun sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní dókítà náà sọ pé gbogbo ohun tó wà lára òun ló pé, ó jọ pé ọkọ òun ni. Ó ní wọ́n sọ pé àwọn lè fi irúgbìn ọkùnrin mìíràn sí òun nínú, kí ọkọ òun má mọ̀, kó kàn buwọ́ lu ìwé bó ṣe máa ń bu ọwọ́ lu ìwé. "Mo ní kí wọ́n pè yín wọlé láti abẹ́ igi, kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Wọ́n ní àwọn kì í dán irú ẹ̀ wò. Wọ́n ní ọkùnrin á bínú, kò ní mú ìyàwó ẹ̀ wá mọ́. Mo kọ̀. Wọ́n wá kọ oògùn mìíràn fún mi."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún kọ oògùn fún un fún odidi ọdún méjì, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà lára ẹni tí kò ní àìsàn. Wọ́n fẹ́ fọgbọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ sọ Ràbíátù di aṣebi nínú ilé rẹ̀, nítorí pé ìyẹn rọrùn fún wọn ju kí wọ́n ní kí ọkùnrin kan gbé ife dání.

Mo ní, "Ràbí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gbogbo nǹkan ṣe ẹ̀rín? Mò ń dúró kẹ́ ẹ béèrè ni."

Alfa Jímọ̀ wá sọ ohun tí ẹ̀sìn sọ, pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ò lè bímọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó tú òun sílẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Mo sọ fún Ràbíátù lójú gbogbo wọn pé ọ̀nà ṣí, bó bá fẹ́ lọ bímọ níbòmíràn, mi ò ní dì í lọ́wọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnì kan bú u. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ ọ̀la. Màá fèsì."

Kí n tó sọ ti àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ara mi ṣe wà ní báyìí, torí àwọn kan máa ka ìwé yìí tí ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ìtàn. Mo ń gba ìtọ́jú ní orúkọ ara mi. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ti fi abẹ kékeré wo inú kórópọ̀n mi. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí díẹ̀ fà jáde níbẹ̀, àmọ́ wọn ò ṣèlérí. Wọn kì í ṣe irú ìtọ́jú tí wọ́n fi ń sọ díẹ̀ yẹn di ọmọ níbi tí mo ti ń gba oògùn, èèyàn ní láti rìn jìnnà, olówó ni ìlà rẹ̀ sì ń tètè kàn. Ti irúgbìn ọkùnrin mìíràn, ẹ̀sìn mi ò gbà á, èmi náà ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó jẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó ló jọ fẹ́ ẹ, kí ojú wọn là sí i. Nígbà tí mo bá dé ìlà ṣẹ́gẹdẹ ní kíláàsì báyìí, mo máa ń dúró lórí ẹ̀ títí aago á fi lù. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ìtìjú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ lọ gba ife. Ẹ gbà á kí wọ́n tó gún obìnrin kankan lábẹ́rẹ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo dé láti ìrun Àsùbáà, mo bá Ràbíátù nínú hìjáàbù rẹ̀, báàgì lápá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ó dáa. Jẹ́ kí n bá ọ gbé ẹrù." Ó ní, "Ẹrù wo? Wọ bàtà rẹ." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Ràbíátù, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo wọ bàtà mi.

A wọ kẹ̀kẹ́, ó ní kí wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni ọ̀hún. Bẹ́ǹṣì ti kún. Kò yà sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Àárín yàrá ló lọ dúró sí, ó sì fi Hausa béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, "Ina mazajenku?" Níbo ni àwọn ọkọ yín wà? Wọ́n ń wò ó. Ó ní, "Wọ́n fọ ilé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta níbí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín yìí. Ẹni tí àìsàn ń ṣe nìyí." Ó na ìka sí mi.

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wá àwàdà kan nínú ara mi, mi ò rí. Mo kàn gbọ́wọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń pariwo, "Màdáámù, ẹ jáde, ẹ ń da iṣẹ́ wa rú!" Maigadi sáré wọlé. Kò lè fọwọ́ kan obìnrin, èmi ló gbá mú lọ́rùn ẹ̀wù. Bó ṣe ń tì mí jáde, mo rí obìnrin kan tó ṣì kéré, tó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjá lára mi, ó lọ tààrà sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó dúró níwájú ọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù. "Dìde," ó ní. Ọkùnrin náà bi í pé kí ló dé. "Mo ní dìde!"

Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi méjì ti já nígbà tí a tún wọ kẹ̀kẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ béèrè ibi tí a ń lọ. Ràbíátù ní ṣọ́ọ̀bù òun ní PZ. A lọ díẹ̀, mo ní kí n béèrè kí ọkàn mi tó bẹ́.

"Ràbí, èsì tó o ní wàá fún mi láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

Kò wò mí. Ó fa hìjáàbù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè jókòó dáadáa.

"Ṣé mo ti ní kó o sọ̀kalẹ̀ ni?"